Ta Ló Gbé Ọmọ Ọlọ Lọ?

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú pé Màmá Ìgbájọ, ìyá tó bí ìyá mi, sùn nínú Olúwa “lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́”. Irọ́ ni. Mo jókòó sí ìlà kejì nínú gbọ̀ngàn tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lò ní St. Georg, ní Hamburg, mo ń fi báírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo irọ́ tó wà nínú ìwé yẹn bí pásítọ̀ ṣe ń kà á lọ. Mẹ́rin ló jẹ́ ká tó dìde kọ orin kejì. Àìsàn ráńpẹ́: èjìká tí ẹlòmíì fọ́ kì í ṣe àìsàn. Onísùúrù: Màmá Ìgbájọ ò ní sùúrù rí. Ẹni tí kì í bá èèyàn jà: mo yíjú wẹ̀yìn, mo rí èèyàn márùn-ún, ó kéré tán, tí Màmá ti fọ́ létí rí, gbogbo wọn ń mi orí, wọ́n ń ṣe àmín.

Ẹ̀kẹrin ni mi ò lè gbé mì. Ìwé náà ní “ọjọ́ ogbó ti ń da iyè wọn rú díẹ̀díẹ̀”. Orí Màmá Ìgbájọ pé pérépéré títí èémí fi bọ́ lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé àwọn ọlọ́pàá ní Berlin tó sọ pé orí wọn ò pé. Ọ̀rọ̀ Jámánì ni: verwirrt. Ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ayé wọn, ohun kan náà ni Màmá ń rán mi: kí n lọ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Wọ́n lọ nígbà tí mi ò tíì pa á rẹ́.

N ò ní kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, àti ohun tí ọwọ́ náà ṣe ní Berlin, kí ẹni tó bá tún fẹ́ parọ́ mọ́ wọn mọ̀ pé ẹnì kan ti kọ òótọ́ sílẹ̀.

Kí ìyá mi tó mú wọn wá sí ilé wa ní Billstedt, ní Hamburg, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Ìgbájọ ni pé wọ́n ń tún ojú ọlọ ṣe. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata lè má mọ̀: ọlọ tí èèyàn bá lò pẹ́, ojú rẹ̀ á jọ̀lọ̀, ata á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Màmá á wá mú òkúta líle kan, wọ́n á fi máa ṣán ojú ọlọ náà, kó, kó, kó, títí tí á fi tún hunhun. Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ. Bí wọ́n bá wo ọlọ lójú, wọ́n á sọ fún ọ bóyá ọlọ́wọ́ òsì ló ń lò ó, bóyá ẹ̀gúsí ló ń rí jù àbí ata, bóyá ẹni tó ni ín ń bínú nígbà tó ń lọ̀ ọ́. Ọwọ́ tó ti ń na òkúta fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kí lẹ rò pé ó máa ṣe fún ẹran ara? Bí wọ́n bá gbá ọ létí, ariwo kan bíi ti rédíò tí ò mú sítéṣọ̀n lo máa kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni ìrora á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ara mi ni ẹ̀rí wà. Àpá kan wà lókè ojú mi òsì, orógùn ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn, mo ti iléèwé dé, Màmá bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní “Keine Ahnung”, pé mi ò mọ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú èjìká tó lọ sókè. Mi ò rí orógùn náà títí ẹ̀jẹ̀ fi ń kán sórí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Mo ka eléyìí mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, torí pé èmi kì í fo ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ti òkú náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mo gbé ìwé òfin kalẹ̀ níwájú wọn, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, pé ní Jámánì ẹnikẹ́ni ò lẹ́tọ̀ọ́ láti na ọmọ. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Wọ́n yẹ èèpo ìwé náà wò bí ẹni ń wo aṣọ tó ń rà.

“Ìwé yẹn dáa. Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọmọ máa fi èdè tí màmá ẹ̀ ò gbọ́ dá a lóhùn?”

Wọ́n gbé ọlọ tiwọn wá sí Hamburg, ìyá àti ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kà á tí kò mọ̀: òkúta ńlá tó tẹ́ sílẹ̀ ni ìyá ọlọ, èyí tí èèyàn ń fọwọ́ méjèèjì tì lọ tì bọ̀ lórí rẹ̀ ni ọmọ ọlọ. Ìyá mi ra ẹ̀rọ ìlọta mẹ́ta fún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ wa tí kì í fẹ́ gbọ́ ìró ọlọ ní ọjọ́ Sunday. Ó máa ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ gún àjà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gun àtẹ̀gùn wá, ó ń pariwo pé ká padà síbi tá a ti wá, ó sì ta ilẹ̀kùn wa nípàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, igi ilẹ̀kùn là. Ìyá mi ti wà lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú Déjì àbúrò mi. Màmá ṣílẹ̀kùn tòun ti ọmọ ọlọ lọ́wọ́, ẹ̀gúsí wà lára rẹ̀. Ọkùnrin yẹn sá sọ̀ kalẹ̀, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé. Màmá tẹ̀ lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí orúnkún wọn, wọ́n sì fi òkúta náà lu ilẹ̀kùn tirẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, tirẹ̀ náà là. Mo rò pé wọ́n máa wọlé lọ pa á. Wọ́n yípadà.

“Mẹ́ta ló ta, mẹ́ta ni mo dá padà. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.”

Ti bàbá mi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ pé ìyá mi ò ní fẹ́ kí n kọ ọ́. Mo ń kọ ọ́. Lẹ́tà kan ló sọnù nínú ilé, bàbá mi ní ìyá mi ló jù ú nù, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lẹ́nu ní ilé ìdáná, eyín rẹ̀ kan yẹ̀. Màmá ń lọ ata lọ́wọ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n dìde, ata ń kán lára ọmọ ọlọ. Bàbá mi fi ọwọ́ kan náà ti tábìlì, ó ń mí gùlegùle. Wọ́n gbé òkúta náà sókè, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ọwọ́ yẹn. Ìka méjì kán. Ata wọ ojú egbò. Mi ò gbọ́ irú igbe yẹn lẹ́nu àgbàlagbà rí. Síbẹ̀ náà, Màmá ò yọ “ẹ” kúrò lẹ́nu, torí pé àna wọn ni.

“Ẹ má bínú o, bàbá Bísọ́lá. Ẹ̀yin kọ́ ni mo bá jà. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi gbá a ni.”

Bàbá mi kó jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Kò gbá ẹnikẹ́ni mọ́ nílé wa.

Irú ẹni tí mo mú lọ wo nǹkan ìbílẹ̀ Íńdíà ní Berlin nìyẹn. Màmá àti Déjì wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi ní Märkisches Viertel, àdúgbò tí mò ń gbé ní Berlin. Déjì ti tó ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà yẹn. Ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Jámánì ló fi ń dáhùn, kò sì sí ẹni tó na òun lórógùn. A ń dúró de bọ́ọ̀sì nígbà tí Màmá rí àwòrán ńlá kan lára ibùdó: obìnrin Íńdíà kan tó kúnlẹ̀ ti ọlọ.

“Bísọ́lá, ta nìyí?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, Mà. Ilé kan tí wọ́n kó nǹkan ìbílẹ̀ àwọn ará Íńdíà jọ sí ni wọ́n ń polówó.”

“Wo ìgúnpá ẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ ni. Ilé yẹn jìnnà?”

“Kì í ṣe ilé ẹ̀, Mà. Musíọ́ọ̀mù ni.”

“Ṣé mo bi ọ́ pé ilé ta ni? Mo ní ṣé ó jìnnà?”

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wé gèlè, wọ́n di ata gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀ kúnná sínú náílọ́ọ̀nù méjì, wọ́n fi sínú báàgì. Mo ní kí ni ti ata. Wọ́n ní ṣé ọwọ́ òfìfo làwọn máa fi lọ kí obìnrin yẹn ni? Déjì bú sẹ́rìn-ín.

“Die Frau ist bestimmt schon tot.”

“Kí ló wí?”

“Ó ní obìnrin yẹn lè ti kú, Mà.”

“Tó bá ti kú, n ó kí àwọn ọmọ ẹ̀. Ìwọ, tó ò lè kí èèyàn láàárọ̀, lo wá mọ ẹni tó ti kú.”

Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ kan, ọkùnrin gíga, tó wo inú báàgì Déjì, tó wo tèmi, na ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ gèlè Màmá mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pé òun ń wò ó bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Obìnrin kan tó dé fìlà ńlá tò síwájú wa; ẹ̀ṣọ́ náà ò fọwọ́ kan fìlà tirẹ̀. Màmá gbá ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ náà dà nù. Ó rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Déjì pé kó máa mú Màmá lọ wo inú, mo lọ bá obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, mo ní kó fún mi ní fọ́ọ̀mù ìfẹjọ́sùn. Ó ní kò sí. Mo ní kó fún mi ní bébà lásán. Ojú ìwé méjì ni mo kọ, mo fi wákàtí àti ibi tí ọwọ́ kàn sí i. Ojú ìwé méjì yẹn ni mo ń kọ nígbà tí gbogbo ohun tó kù ṣẹlẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀. Ẹnu Déjì, ẹnu Màmá àti fídíò tí àlejò kan fi fóònù yà ni mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì ta kora.

Inú Màmá ń dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí ère obìnrin kan tó ní ọwọ́ mẹ́rin, wọ́n ní, “Ẹni tó lè tọ́mọ nìyí.” Wọ́n rí ìkòkò idẹ tí etí rẹ̀ ti jẹ níbi tí ọwọ́ ti ń gbá a mú, wọ́n kí ẹni tó ni ín kú iṣẹ́. Apẹ̀rẹ̀, àtùpà, ibùsùn ọmọ tí wọ́n ń so kọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kí. Nígbà tó yá, wọ́n dé apá ilé ìdáná, wọ́n rí ọlọ kan nílẹ̀ tí okùn yí ká. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n rí, torí pé kò sí ẹnì kan tó bi wọ́n. Ojú ìyá ọlọ náà ti jẹ wọlé ní gbọọrọ, bí ibi tí òkúta gígùn tó rí bí ìgò ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ọdún gbọọrọ. Òkúta tí wọ́n gbé lé e lórí rí róbótó, ó kéré, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Èèyàn kan nínú ilé ńlá yẹn, tó kàwé ju Màmá lọ, ló gbé ọmọ ọlọ mìíràn lé ìyá tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì lẹ ìwé mọ́ ọn.

Màmá figbe ta. “Èyí kọ́ lọmọ ẹ̀! Ọmọ ẹ̀ dà? Ta ló gbé ọmọ ẹ̀ lọ?”

Obìnrin tó ń mójú tó yàrá náà sáré wá. Ó bi Déjì pé kí ni màmá ń sọ. Déjì ń tẹ fóònù lọ́wọ́. Ẹ wò ó, “ẹ̀” ni Màmá pe òkúta, “ẹ̀” náà la máa pe obìnrin. Ọmọ ni ọmọ èèyàn, ọmọ náà ni ọmọ ọlọ. Ẹni tó bá ti lọ ata rí, tàbí ẹni tó ń wo ohun tí màmá rẹ̀ ń wò, ò lè ṣì í gbọ́. Déjì ò gbójú sókè.

“Sie sagt, jemand hat ihr Kind mitgenommen.” Ó ní, màmá ní ẹnì kan ti gbé ọmọ òun lọ.

Ojú obìnrin náà funfun. Ó ní ọmọ ọdún mélòó? Déjì yíjú sí Màmá.

“Màmá, ọmọ yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni?”

Màmá fi ìka tẹ ibi tí ọlọ náà ti jẹ. “Á lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún.”

Ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Déjì. Ó pariwo “Nein, warten Sie!”, pé kó dúró, àmọ́ obìnrin náà ti ń sáré lọ, ó ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ tó wà léjìká rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn gbogbo. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ọmọ kan ti sọnù, kí ẹnikẹ́ni má jáde. Àwọn ìyá gbá ọmọ wọn mú, ọ̀kan ń ké pé òun ò rí tòun. Bàbá kan ti ẹnì kejì lu ògiri kó lè dé ẹnu ọ̀nà. Gíláàsì kan fọ́. Ẹ fi sọ́kàn pé Màmá ò mọ̀ pé àwọn ló dá a sílẹ̀. Wọ́n rò pé gbogbo ilé ti dìde láti bá wọn wá ọmọ ọlọ ni. Wọ́n sì rí i: lórí pẹpẹ onígi kan lódìkejì yàrá, láàárín àwọn òṣùwọ̀n, òkúta gígùn tó rí bí ìgò. Wọ́n ti lẹ “Gewicht” mọ́ ọn, pé wọ́n fi ń wọn nǹkan ni. Màmá gbé e sáyà, wọ́n ń gbé e bọ̀.

Ẹ̀ṣọ́ tó tẹ gèlè wọn ló kọ́kọ́ dé. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ̀yìn ló ti wá, ó gba apá òsì wọn mú, ó yí i sókè sẹ́yìn. Nínú fídíò yẹn, èèyàn lè gbọ́ ìgbà tí èjìká yẹn dún. Ó dún bí igi ìdáná tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Màmá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Wọn ò ké. Ọwọ́ ọ̀tún ṣì gbá òkúta mọ́ra. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n rí ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ṣọ́ náà wà, wọ́n sọ òkúta náà kalẹ̀ síbẹ̀ láti ìbàdí wọn. Bàtà rẹ̀ tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sun jáde lójú okùn. Ó fi orí wọn sọlẹ̀. Ó gbé orúnkún lé wọn lẹ́yìn. Báàgì bẹ́, náílọ́ọ̀nù ata méjèèjì là sábẹ́ wọn, ó sì tú gbùú. Ọkùnrin yẹn dìde, kò ríran, ó ń bì. Obìnrin oníṣẹ́ yẹn ń fọwọ́ gún ojú. Déjì ń sunkún lẹ́bàá ògiri. Màmá nìkan lojú wọn là, torí pé ata ni wọ́n ti ń fà símú láti kékeré. Wọ́n ń fi ọwọ́ kan wọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ kan náà yí òkúta náà síwájú, wọ́n kọjá okùn, wọ́n ti òkúta róbótó yẹn dà nù, wọ́n gbé ọmọ ọlọ sórí ìyá rẹ̀. Ó jókòó wọnú ibi tó jẹ, géérégé.

Ìgbà yẹn ni mo wọlé, bébà ìfẹjọ́sùn mi lọ́wọ́. Màmá gbé ojú sókè láti ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu wọn.

“Wò ó, Bísọ́lá. Ṣé o rí i? Òun ni.”

Ọlọ́pàá mẹ́ta dé. Ọ̀kan fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de apá tó kán yẹn mọ́ èkejì. Mo kọ nọ́ńbà àyà rẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn, tó dàgbà díẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ka ohun tó wà nílẹ̀ fún mi: màmá yìí ṣe ẹ̀ṣọ́ léṣe, ó fọwọ́ kan ohun àfihàn, ó tú ata sójú àwọn èèyàn, pé ìyẹn náà dà bí ohun ìjà. Ó ní bí màmá yìí bá mọ ohun tó ń ṣe, àwọn ní láti mú un lọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Ist sie verwirrt?” Ṣé orí rẹ̀ ti dàrú ni? Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ọsibítù nìkan ni, ẹ̀yìn ìyẹn, ilé.

Mo ro ti ìwé ìgbélùú wọn. Mo ro ti apá yẹn. Mo ní “Ja”, bẹ́ẹ̀ ni.

Ó kọ ọ́. Mo bu ọwọ́ lù ú lójú ìwé kẹta. Màmá wà lórí ibùsùn àwọn onímọ́tò ọsibítù.

“Kí lo sọ fún un tó fi ń mi orí sí mi bẹ́ẹ̀ yẹn?”

“Mo ní kí wọ́n fi yín sílẹ̀, Mà.”

Ẹ̀dà ìwé náà dé Billstedt. Déjì ló kà á fún Màmá, ó wá Yorùbá verwirrt títí, ó ní: “Wọ́n ní ẹ ti ń ṣe rán-ùn.” Láti ọjọ́ yẹn, ayé yípadà sí wọn. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí wọn bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀. Obìnrin kan wá láti wò ó bóyá ó yẹ kí ilé ẹjọ́ yan alágbàtọ́ fún wọn. Ó ní kí wọ́n ya aago sórí bébà, kí òun lè fi yẹ ọpọlọ wọn wò. Wọ́n ju báírò mọ́ ọn lójú, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń hùwà jàgídíjàgan. Ìyá mi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, ó gbé ọlọ lọ sí Keller, yàrá abẹ́ ilé. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń fi ṣíbí bọ́ wọn lógì, wọ́n ń pariwo sí wọn létí: “Màmá, ẹ ya ẹnu!” Màmá tu ògì náà sí ọ̀kan lára wọn láyà. Ìyẹn náà di ẹ̀rí.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí ní Berlin.

“Ṣé o ti pa á rẹ́?”

“Mo ti kọ ìwé mìíràn, Mà.”

“Ìwé lo ń kọ. Mo ní ṣé o ti pa á rẹ́?”

Ìwé mọ́kànlá ni mo kọ. Mo fi ẹjọ́ ilé náà sùn, mo fi ti ẹ̀ṣọ́ sùn, ti ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́, ti ọlọ́pàá oníṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ti ẹni tó lẹ ìwé mọ́ òkúta. Mo bá Déjì jà débi pé mo là á létí ní ibùdókọ̀ ojú irin, níṣojú gbogbo ènìyàn. Nínú ìwé mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kò sí ibi tí mo ti kọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kejì fún èjìká náà ní Hamburg, egbò kẹ̀, ibà dé. Mo lọ. A wà ní àwa méjì. Màmá ní, “Ta ló sọ ọ́ gan-an?” Mo sọ fún wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ síbí yìí. Ọwọ́ ọ̀tún wọn gbéra lórí aṣọ ibùsùn, mo sì tẹ orí mi sílẹ̀ dé ibi tó máa bà á. Mo fẹ́ kó bà mí. Wọ́n gbé ọwọ́ náà kalẹ̀.

“Ọkùnrin yẹn fọ́ èjìká mi, mo fọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, a ti parí ìyẹn. Ìwọ ńkọ́, kí ni kí n fọ́ lára ẹ?”

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá mi ní kí n fi òkú sílẹ̀ kó sùn. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Berlin, mo lọ tààrà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀, ọ̀dọ́ ni. Ó wá fáìlì náà rí. Ó ní, ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti kú, àwọn ti pa fáìlì dé.

Mo ní kó ṣí i.

“Kí lẹ fẹ́ kí n kọ?”

“Ojú ìwé kẹta. Wọ́n kọ ọ́ pé verwirrt. Èmi ni mo sọ ọ́. Irọ́ ni mo pa.”

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. “Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ lẹ́nu yín yìí?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Kọ pé màmá mi mọ ohun tó ń ṣe. Kọ pé ó mọ ibi tí òkúta yẹn ń lọ. Kọ pé nígbà tí ọkùnrin yẹn ṣẹ́ èjìká rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi òkúta náà fọ́ ọ.”

Ó ní bí òun bá kọ ìyẹn, ọ̀daràn ni òun ń sọ màmá mi dà, lẹ́yìn tó ti kú. Bí ó ṣe wà yìí, kò jẹ̀bi ohunkóhun.

“Kọ ọ́.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo tún àṣìṣe kan ṣe níbẹ̀, mo bu ọwọ́ lù ú. Ó ní kí n mọ̀ pé lẹ́tà lè dé bá èmi náà nítorí irọ́ tí mo pa.

Mo ní kó dé.